Corvette àtijọ́ lórí pápá eré: Ohun tó yẹ kí mẹ́káníìkì yẹ̀ wò kí awakọ̀ tó tẹ tótù

Rio tí ọ̀rọ̀ òní máa bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe Rio ti Brazil. Oríta ńlá kan ni, ní Libreville, olú ìlú orílẹ̀-èdè Gabon, níbi tí takisí, èrò àti àwọn ọlọ́jà ti máa ń fún ara wọn mọ́ra. Èdè Faransé ló gbòde níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá tẹ́tí sílẹ̀ á gbọ́ Yorùbá pẹ̀lú, torí pé àwọn ọmọ Nàìjíríà, Benin àti Togo ti pẹ́ nídìí òwò àti iṣẹ́ ọwọ́ ní ìlú náà.

Mẹ́káníìkì wà lára iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀hún. Ọ̀dọ́ tó ń tú ẹ́ńjìnì Toyota lọ́sàn-án lè jẹ́ ẹni tó ń fi fóònù wo Corvette àti Mustang tó ń sáré lórí pápá ní Amẹ́ríkà lálẹ́. Ìbéèrè tó sì wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ọkọ̀ tó ti lo ogún ọdún ṣì lè sá irú eré yẹn, kó má sì pa ẹni tó wà nínú rẹ̀?

Ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń jẹ́ kó ṣe é kì í hàn nínú fídíò.

Kí ni wọ́n ń pè ní ọjọ́ pápá?

Ọjọ́ pápá kì í ṣe ìdíje. Ẹni tó ni ọkọ̀ máa sanwó fún àwọn tó ṣètò rẹ̀, á gbé ọkọ̀ tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ wá sórí pápá tí wọ́n kọ́ fún eré, á sì wà á níbi tí ọkọ̀ kankan kò ti ní pàdé rẹ̀ lójúkojú, tí ewúrẹ́ kò ní já wọ ọ̀nà, tí ọmọdé kò sì ní sáré kọjá. Kò sí ife ẹ̀yẹ. Ní Bìrìtìkó, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ kò tilẹ̀ gbà kí ẹnikẹ́ni ka iye ìṣẹ́jú tó fi yí pápá po.

Ọmọ Yorùbá tó wà ní London mọ orúkọ Brands Hatch àti Silverstone. Ẹni tó wà ní Texas mọ Circuit of the Americas tó wà ní Austin. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, South Africa ní Kyalami, tí wọ́n ṣí ní 1961, Senegal náà sì ní pápá tí wọ́n ń pè ní Dakar Baobabs. Títì tó gba oríta Rio kọjá kò sí nínú wọn. Títì Èkó sí Ìbàdàn náà kò sí nínú wọn. Ẹni tó bá ń dán eré ọkọ̀ rẹ̀ wò lóru lórí títì tí àwọn ẹlòmíì ń rìn, ẹ̀mí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló ń fi ta tẹ́tẹ́.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń yan Corvette tòkunbọ̀?

Oṣù Kìíní ọdún 1953 ni iléeṣẹ́ General Motors kọ́kọ́ gbé Corvette síta ní New York. Ọ̀ọ́dúnrún péré, ìyẹn 300, ni wọ́n ṣe lọ́dún náà, ní ìlú Flint ní Michigan. Ọkùnrin tó sọ ọ́ di ọkọ̀ eré gidi ni Zora Arkus-Duntov, ẹni tí wọ́n bí ní Belgium ní 1909. Láti 1981 wá, Bowling Green ní ìpínlẹ̀ Kentucky ni wọ́n ti ń ṣe é.

Èyí tí ọ̀rọ̀ òní dá lé lórí ni ìran karùn-ún, tí wọ́n ń pè ní C5, èyí tí wọ́n tà láti ọdún 1997 sí 2004. Ẹ́ńjìnì V8 oní lítà 5.7 ló wà níwájú rẹ̀, orúkọ ẹ́ńjìnì náà sì ni LS1. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 345. Aluminiọmu ni wọ́n fi ṣe ara ẹ́ńjìnì náà, nítorí náà kò wúwo bí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe lè mú kí èèyàn rò.

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni ibi tí jíà rẹ̀ wà. Wọn ò so ó mọ́ ìdí ẹ́ńjìnì bíi ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ẹ̀yìn, láàárín táyà méjèèjì, ni wọ́n gbé e sí. Èyí ló mú kí ìwọ̀n ọkọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pín dọ́gba láàárín iwájú àti ẹ̀yìn. Ọkọ̀ tí orí rẹ̀ kò wúwo ju ìdí rẹ̀ lọ máa ń gbọ́ràn sí sítíárì lẹ́nu. Ẹ wá fi kún un pé ọkọ̀ ìdíje tí wọ́n ṣe láti ara rẹ̀, C5-R, gba ipò kìíní ní ìsọ̀rí rẹ̀ nínú ìdíje wákàtí 24 ti Le Mans ní Faransé ní 2001, 2002 àti 2004. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọkọ̀ fàájì lásán.

Bíréèkì ló ń kọ́kọ́ juwọ́ sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó bá ra irú ọkọ̀ yìí, ẹ́ńjìnì ló máa ń fẹ́ fi kún. Owó tí kò wúlò ni, ó kéré tán lọ́dún àkọ́kọ́. Agbára ẹṣin 345 ti tó láti gbé ẹnikẹ́ni wọ inú igbó. Bíréèkì ló yẹ kí owó àkọ́kọ́ bá lọ.

Ìdí nìyí. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ sọ di ooru kí ọkọ̀ tó dúró kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Bíréèkì tó ń dá ọkọ̀ dúró wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tó ń sá kìlómítà 100 láàárín wákàtí kan, iṣẹ́ mẹ́rin irú ẹ̀ ló máa ṣe bí eré náà bá di 200. Lórí títì, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni awakọ̀ máa tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá. Lórí pápá, ó lè tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó yí pápá po lẹ́ẹ̀kan, fún ogún ìṣẹ́jú gbáko. Ooru náà kò ráyè jáde.

Ọ́ìlì bíréèkì ni ọ̀tá tó fara pamọ́. Ọ́ìlì yìí máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bí iyọ̀ inú àwo ṣe máa ń rin nígbà òjò. Ọ́ìlì DOT 3 tó jẹ́ tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ti DOT 4 sì jẹ́ 230. Àmọ́ tí omi bá ti wọ inú wọn tó bí òfin ṣe sọ fún àyẹ̀wò, 140 ni ti DOT 3, ti DOT 4 sì jẹ́ 155. Ẹ wo bí àlàfo náà ṣe tó. Nílùú bíi Libreville, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà agbedeméjì ayé gan-an, tí ọ̀rinrin kì í sì í kúrò nínú afẹ́fẹ́, ọ́ìlì kì í pẹ́ kó tó fa omi. Èkó àti Kútọnu náà kò yàtọ̀.

Tí ọ́ìlì bá hó, oru ló máa wà nínú páìpù níbi tó yẹ kí ọ́ìlì wà. Oru kì í ti nǹkan bí ọ́ìlì ṣe ń tì í. Ńṣe ló máa ń fún pọ̀. Awakọ̀ á tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì lọ títí á fi kan ilẹ̀ ọkọ̀, ọkọ̀ kò sì ní dúró. Kì í sọ tẹ́lẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fa gbogbo ọ́ìlì àtijọ́ jáde kí ọjọ́ pápá tó pé, kí ẹ sì fi DOT 4 tuntun, èyí tí agolo rẹ̀ kò tíì ṣí rí, rọ́pò rẹ̀. Àṣà kan wà láàárín àwọn mẹ́káníìkì wa tí kò dára: wọ́n á lo ìdajì agolo, wọ́n á da ìyókù sínú ike omi mímu, wọ́n á gbé e sábẹ́ bẹ́ńṣì títí oníbàárà mìíràn á fi dé. Ọ́ìlì yẹn ti mu omi yó. Ẹ dà á nù. Ẹ má sì ṣi DOT 5 rà o, torí sílíkónì ni ti inú rẹ̀, kì í sì í bá DOT 3 tàbí DOT 4 ṣe. DOT 5.1 yàtọ̀ sí i, ìyẹn kò ní wàhálà. Ẹni tó bá rí i pé orúkọ wọn jọra tó báyìí lè bi àwọn tó sọ wọ́n lórúkọ ohun tí wọ́n rò.

Lẹ́yìn ọ́ìlì ni páàdì. Páàdì ojú títì máa ń yọ́ lójú ooru pápá, ó sì máa ń kọ̀ láti di dísìkì mú. Páàdì pápá máa ń fara da ooru, ṣùgbọ́n tó bá tutù, kì í tètè mú. Ẹni tó bá fi páàdì pápá rìn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè gbá ìdí takisí tó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ ní oríṣi méjèèjì, kí ẹ pààrọ̀ wọn bí iṣẹ́ bá ṣe rí. Páàdì tó bá ti jẹ kọjá ìdajì kò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ pápá.

Yìnyín ni wọ́n fi gba ẹ́ńjìnì là

Ní Le Mans ní 1960, ọ̀gbẹ́ni Briggs Cunningham kó Corvette mẹ́ta wá láti Amẹ́ríkà. John Fitch àti Bob Grossman ló ń wa ọ̀kan lára wọn. Bó ṣe ku díẹ̀ kí wákàtí 24 náà pé, omi inú ẹ́ńjìnì wọn ti jò tán, òfin ìdíje kò sì gbà kí wọ́n bu omi mìíràn kún un ní àkókò náà. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n kó yìnyín ka ẹ́ńjìnì mọ́lẹ̀, wọ́n rọra ń wà á lọ, bí yìnyín bá yọ́ wọ́n á tún kó òmíràn sí i. Ọkọ̀ náà parí eré. Ipò kẹjọ ló gbà láàárín gbogbo ọkọ̀, ó sì gba ipò kìíní ní ìsọ̀rí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ máa lo ọkọ̀ náà nílẹ̀ olóoru kò ní yìnyín tó tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà radiétọ̀ ni kí ẹ gbájú mọ́. C5 ní ìwà kan tí ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì kì í mọ̀ títí wọ́n á fi jẹyán rẹ̀. Kì í ṣe imú rẹ̀ ló fi ń mí, abẹ́ ló fi ń mí. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ iwájú ọkọ̀ náà tó sún mọ́ ilẹ̀ gan-an. Òun ló ń darí afẹ́fẹ́ gòkè lọ sára radiétọ̀. Títì tó ní kòtò àti gegele máa ń fà á ya. Tó bá ti ya, ẹ́ńjìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, olówó ọkọ̀ á sì máa pààrọ̀ radiétọ̀ àti fáànù láìnídìí. Rọ́bà tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ló fa gbogbo rẹ̀.

Nítorí pé abẹ́ ló fi ń mí, ó tún máa ń gbé ewé, ọ̀rá àti ìdọ̀tí títì mì. Ẹ ṣí ibẹ̀, ẹ gbá a mọ́. Ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀ lè tó láti fi dá iná.

Ọ̀rọ̀ thermostat náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ mẹ́káníìkì ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà gbà pé ilẹ̀ wa ti gbóná jù fún un, wọ́n á sì yọ ọ́ dànù. LS1 ní kọ̀ǹpútà tó ń wo ooru omi kó tó pinnu iye epo tó máa fún ẹ́ńjìnì. Bí omi kò bá gbóná tó, kọ̀ǹpútà á rò pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, á máa da epo lé e lórí. Ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà. Ẹ má sì lo omi ẹ̀rọ lásán, torí ó máa ń jẹ aluminiọmu; ẹ po ojúlówó omi radiétọ̀ mọ́ ọn.

Táyà, ọ́ìlì àti àwọn nǹkan kéékèèké

Gbogbo táyà ló ní ọjọ́ ìbí. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ máa rí nọ́ńbà mẹ́rin ní ìparí àwọn lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT. Tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkunbọ̀ tí wọ́n fi nǹkan dúdú kùn lè máa dán bí tuntun, kó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Irú rẹ̀ kò yẹ kó sún mọ́ pápá. Ohun tó ń kan ilẹ̀ lára táyà kọ̀ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Orí àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin yẹn ni gbogbo ẹ̀mí tó wà nínú ọkọ̀ dúró lé.

Táyà tó bá gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú. Ẹ wọ̀n ọ́n ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá jáde kúrò lórí pápá, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tún yàtọ̀. Tí ọkọ̀ bá ń já kọ́nà gígùn pẹ̀lú eré, ọ́ìlì máa ń ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú àwo rẹ̀, ibi tí ẹ̀rọ ti ń fa á mu lè gbẹ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ìwọ̀nba yẹn tó láti ba ẹ́ńjìnì jẹ́. Ọ́ìlì tuntun ni kí ẹ lò, kí ó sì kún dé àmì òkè kí ọkọ̀ tó wọ pápá. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.

Ìyókù: bẹ́rìn táyà, torí ti C5 máa ń tètè jẹ nídìí iṣẹ́ yìí, ọ́ìlì sítíárì, tó máa ń hó, bátìrì tí kò gbọdọ̀ mì, ẹní ẹsẹ̀ awakọ̀, kí ẹ yọ ọ́ kó má bàa há sábẹ́ bíréèkì. Fóònù, ike omi, owó ẹyọ, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò nínú ọkọ̀. Nọ́ọ̀tì táyà C5, 140 Nm ni kí ẹ fún un mọ, kí ẹ sì lo sípánà tó ń ka ìwọ̀n. Fífi ẹsẹ̀ gun sípánà kọ́ ni ìwọ̀n.

Akoto náà lórúkọ. Èyí tí wọ́n kọ Snell SA sí lára ni ti inú ọkọ̀, torí wọ́n ti dán an wò pẹ̀lú iná. Ti ọlọ́kadà, tó ní M, wọn ò dán an wò bẹ́ẹ̀.

Ojú ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀

Awakọ̀ tuntun máa ń wo ẹnu mọ́tò rẹ̀. Ọkọ̀ a máa lọ síbi tí ojú bá lọ, nítorí náà kí ojú kúrò nílẹ̀, kó wo ibi tí kọ́nà parí sí. Ọwọ́ méjèèjì á wà lórí sítíárì bí ọwọ́ aago tó wà lórí 9 àti 3.

Ẹ tẹ bíréèkì nígbà tí ọkọ̀ ṣì dúró ṣánṣán, ẹ rọra tú u sílẹ̀, ẹ yí sítíárì, lẹ́yìn náà kí ẹ tó máa fún un ní tótù díẹ̀díẹ̀ bí sítíárì ṣe ń tọ́ padà. Bí ẹ bá ní kí táyà kan náà tẹ bíréèkì pátápátá kó sì já kọ́nà pátápátá, ẹyọ kan ló máa ṣe nínú méjèèjì, awakọ̀ kọ́ ló sì máa yàn.

Ohun tó ń yí Corvette po jù ni ẹ̀rù. Awakọ̀ á wọ kọ́nà, á rí i pé eré ti pọ̀, á yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí tótù wàì. Ìwọ̀n ọkọ̀ á sáré lọ síwájú, ìdí rẹ̀ á fúyẹ́, ẹ̀yìn á sì fẹ́ di iwájú. Tó bá ti ń yí, ẹ tẹ kilọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má tú wọn sílẹ̀ títí ọkọ̀ á fi dúró. Láti 2001, gbogbo C5 ló ní ẹ̀rọ Active Handling tó máa ń gbìyànjú láti gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan máa ń pa á kí fídíò lè dùn. Kò bọ́gbọ́n mu fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, àgàgà tí òjò bá rọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, olùkọ́ máa ń jókòó ti ẹni tuntun. Kò sẹ́ni tó ń yọjá láìgba àṣẹ. Ọkọ̀ tó wà níwájú á na ọwọ́ láti fi ẹ̀gbẹ́ tí èkejì máa gbà hàn án. Àsíá aláwọ̀ òféefèé ní kí awakọ̀ dẹwọ́, kó má yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Dúdú ń pè é wọlé. Aláwọ̀ búlúù ń sọ pé ọkọ̀ tó yára jù wà lẹ́yìn. Pupa ni pé eré ti dúró, kí kálukú ṣe bí wọ́n ṣe sọ nínú ìpàdé àárọ̀, nítorí pápá kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ dé ìpàdé yẹn, wọn kì í jẹ́ kó wọ pápá, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé ìbánigbófò tún wà níbẹ̀: ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í bo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí pápá, ẹ kà á kí ẹ tó lọ.

Mẹ́káníìkì tó di awakọ̀

Ẹni tó bá rò pé eré ọkọ̀ Amẹ́ríkà kì í ṣe ti aláwọ̀ dúdú, kó gbọ́ nípa Wendell Scott. Wọ́n bí i ní Danville, Virginia, ní 1921. Mẹ́káníìkì ni. Ọkọ̀ àlòkù ló máa ń rà, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń tún un ṣe. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, 1963, ó fi Chevrolet Bel Air borí nínú ìdíje NASCAR ní Jacksonville, Florida, àmọ́ Buck Baker, aláwọ̀ funfun, ni wọ́n kéde. Ìgbà tí èrò ti túká ni wọ́n tó gbà pé Scott ló borí. Ó kú ní 1990. Ní 2015 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú gbọ̀ngàn àwọn akọni NASCAR, ẹ̀bùn ife rẹ̀ sì dé ọwọ́ ẹbí rẹ̀ ní 2021.

Ó bójú tó ọkọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ nítorí pé kò lówó láti gba ẹlòmíì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà ní Rio.

Tí ogún ìṣẹ́jú bá pé, tí wọ́n bá fi àsíá aláwọ̀ dúdú àti funfun hàn, iṣẹ́ kan ṣì kù. Ẹ fi ìyípo tó kẹ́yìn wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́, láìtẹ bíréèkì àyàfi tó bá di dandan, kí afẹ́fẹ́ lè tu dísìkì lójú. Tí ẹ bá dúró, ẹ má fa bíréèkì ọwọ́. Ẹ fi jíà sí i, ẹ fi òkúta tàbí igi há táyà. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó bá tutù, ẹ tún nọ́ọ̀tì táyà wọ̀n, ẹ wo páàdì, ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá nǹkan ń jò. Ọkọ̀ kan náà yẹn ló ṣì máa gbé yín délé lálẹ́.